Ó Yẹ Kí Dùgbẹ̀ Ní Ọgbà Ìgbafẹ́ Kékeré

Láti 1965 tí wọ́n ti fi owó kòkó kọ́ Ilé Kòkó alájà 26 sí Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, káràkátà ni wọ́n fi mọ àdúgbò náà. Àmọ́ ẹni tí kò bá rajà, tí kò sì tajà, kò ríbi jókòó sí. Alábàárù tó sọ ẹrù kalẹ̀, etí gọ́tà ló ti ń sinmi. Ìyá arúgbó tó ń dúró de takisí Micra, abẹ́ agbòòrùn ọlọ́jà ló ń sá sí. Ọgbà kékeré kan, ìwọ̀n pulọ́ọ̀tì méjì tàbí mẹ́ta, tó ní igi àti àga, tí a kì í sanwó wọ̀, ni ìgboro yìí ń fẹ́.

Àwọn kan á ní ilẹ̀ Dùgbẹ̀ ti wọ́n ju èyí tí à ń fi gbin igi lọ. Kí wọ́n wo Freedom Park ní Broad Street, l'Ékòó. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn Òyìnbó amúnisìn ló wà níbẹ̀ kí wọ́n tó wó o ní 1979. Theo Lawson ló ya àwòrán ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n ṣí síbẹ̀ ní 2010. Ojú ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn ti di orí ìtàgé. Báńkì àti ṣọ́ọ̀bù yí i ká, ajé Broad Street kò sì torí ẹ̀ dáwọ́ dúró.

Ẹ̀rù àwọn ọmọ ìta ńkọ́? Ẹ̀rù náà tọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a pa tì ni wọ́n ń sọ di ibùba. Bí iná bá ń tàn, tí àwọn olóúnjẹ bíi mélòó kan ń san owó ìsọ̀, a ó rówó san fún agbálẹ̀ àti ọlọ́dẹ. Ọgbà ìgbafẹ́ Agodi wà n'Ìbàdàn lóòótọ́: omíyalé bà á jẹ́ ní 2011, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 2014. Ṣùgbọ́n owó ni a fi ń wọ ibẹ̀, ta ló sì máa wọkọ̀ láti Dùgbẹ̀ lọ sí Agodi torí kó lè sinmi ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá?

Ọ̀rọ̀ omi náà tún wà níbẹ̀. Ẹ̀kún omi odò Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980 pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn. Ọgbà kékeré kò lè dá irú ẹ̀ dúró. Àmọ́ níbi tí kọnkéré bo gbogbo ilẹ̀, ojú gọ́tà ni gbogbo òjò ń dà sí lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ tó ní igi a sì máa fa díẹ̀ mu. Nítorí náà, kí ìjọba kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀ ọgbà náà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n sì ti yan ẹni tí yóò máa gbálẹ̀, tí yóò sì máa tanná, kí wọ́n tó gbin igi àkọ́kọ́.