Ilé Pákó Ẹ̀yìnkùlé: Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó Sanwó

Láti ọdún 2020 tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ láti ilé, ìbéèrè kan náà ni àwọn ẹbí ń bi wá nípàdé ẹgbẹ́: ṣé ó dára kí àwọn ra ilé pákó tí wọ́n ti gé sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́, tí wọ́n á kàn wá tò pọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé? Àwa náà kọ́ tiwa ní 2021. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ojú wa rí. Òfin England ni a ó mẹ́nu bà. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní tiwọn lọ́tọ̀.

Èló ni yóò ná yín?

Iye tí ẹ rí lára ọjà kọ́ ni iye tí ẹ máa ná tán. Tiwa gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 3, ògiri rẹ̀ sì nípọn ní mìlímítà 44. £4,200 la rà á. Ìpìlẹ̀ sìmẹ́ǹtì gba £1,500, oníṣẹ́ iná gba £1,300, ohun tí a fi dí òtútù lábẹ́ ilẹ̀ àti lókè òrùlé gba £900, ọ̀dà gba £250. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £8,150. Bẹ́ẹ̀ ìṣirò owó ni iṣẹ́ wa o, £5,500 péré la sì kọ́kọ́ kọ sínú ìwé!

Ẹ má ṣe ahun sí ìpìlẹ̀. Bí kò bá tẹ́jú dáadáa, ilẹ̀kùn kò ní pa dé. Pákó a máa wú nígbà òjò, a sì máa sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lókè fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì tètè kùn ún.

Kí ni òfin wí?

Ọ̀pọ̀ ilé pákó kò nílò ìwé àṣẹ káńsù, bí kò bá ju alájà kan lọ tí kò sì sí níwájú ilé. Bí ó bá wà láàárín mítà 2 sí ààlà ilẹ̀ yín, gíga rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mítà 2.5. Òun àti ohun mìíràn tí wọ́n ti kọ́ kún ilé kò gbọdọ̀ gba ju ìdajì ilẹ̀ tó yí ilé náà ká. Èyí tí a kọ́kọ́ fẹ́ràn ga ní mítà 2.7, ẹ̀yìnkùlé wa sì kéré. Díẹ̀ ló kù ká sanwó rẹ̀!

Àǹfààní yìí kò sí fún ẹni tó ń gbé fúláàtì. Ẹni tó sì fẹ́ máa gba oníbàárà wọlé wọ̀de, bíi aránṣọ tàbí onídìrí, kó kọ́kọ́ bi káńsù. Ní ti iná, oníṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀.

Màmá ńkọ́?

Èyí ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nílé wa. Màmá ń bọ̀ láti ilé fún oṣù mẹ́fà, a sì ní kí wọ́n máa sùn nínú ilé pákó. Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Ilé pákó tí kò tó mítà 15 níbùú lóròó kò nílò àyẹ̀wò òfin ìkọ́lé, àmọ́ tí kò bá sí ẹni tó ń sùn síbẹ̀ ni. Yàtọ̀ sí òfin, ta ló fẹ́ kí ìyá àgbà máa rin orí koríko tútù lóru nítorí ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Ọ́fíìsì wa la kó lọ sínú ilé pákó, Màmá sì gba yàrá tí ọ́fíìsì wà tẹ́lẹ̀. Inú gbogbo wa dùn.

Ẹni tó ń ronú ayálégbé, kó rántí pé ní 2013, káńsù Slough fi ọkọ̀ òfuurufú àti kámẹ́rà wá ibi tí ooru ti ń jáde ní ẹ̀yìnkùlé. Láti oṣù kẹrin 2024, ọdún 10 ni káńsù ní láti fi gbé ìgbésẹ̀ lórí ilé tí kò gba àṣẹ.

Owó orí

Bí ẹ bá fi ilé pákó ṣe iṣẹ́ ajé nìkan, owó orí lè wà lórí ìpín rẹ̀ nínú èrè lọ́jọ́ tí ẹ bá ta ilé. Bí àwọn ọmọ bá tún ń kàwé níbẹ̀ ní tòótọ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Ẹ sì lè bẹ káńsù fún ìwé tó jẹ́rìí pé ohun tí ẹ kọ́ bófin mu. Lọ́yà ẹni tó fẹ́ ra ilé lè béèrè rẹ̀.

Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ kú ìnáwó o; ilé á tura.