Èèkù Ọ̀bẹ Ti Wà Lọ́wọ́ Wa Wàyí

Àwọn baba wa a máa wí pé bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Ọ̀rọ̀ náà bá iṣẹ́ àwòrán fídíò mu gidigidi. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹlòmíràn ni ó di ọ̀bẹ tí a fi ń gé àwòrán wa mú. Lónìí, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà kékeré kan lè gé fídíò, kí ó sì so ó pọ̀, láìsan kọ́bọ̀. Ohun tí ó kù ni kí a mọ̀ bí a ti í lò ó.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Abẹ ni a fi ń gé fíìmù láyé àtijọ́, gọ́ọ̀mù tàbí téèpù ni a sì fi ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ní ìgbà tí Hubert Ogunde gbé Aiye jáde ní 1979, òkè òkun ni a ṣì ń gbé ọ̀pọ̀ fíìmù aláwọ̀ tí a yà ní ilẹ̀ wa lọ fún fífọ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Ampex ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ tí ń ká àwòrán sórí téèpù jáde ní 1956, ìnira gígé kò tíì tán. Téèpù náà fẹ̀ ní íńṣì 2, ojú lásán kò sì lè rí ohun tí ó wà lára rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ní láti fi omi tí lúbúlúbú irin wà nínú rẹ̀ kùn ún, kí ó sì fi dígí wo ìlà tí ó hàn, kí ó tó gbé abẹ lé e. Fídíò kásẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí Living in Bondage fi jáde ní 1992, mú iṣẹ́ náà súnmọ́ ilé. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe ẹ̀dà láti ara ẹ̀dà, àwòrán a máa ṣá.

Ní 2000 ni Fabrice Bellard, ará Faransé, bẹ̀rẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní FFmpeg. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n àṣẹ ni a ń tẹ̀ sí i ní lẹ́tà. Lórí rẹ̀ ni Mikael Finstad, ọmọ Norway, gbé LosslessCut kà, èyí tí ó ní bọ́tìnì tí ọmọ ilé ìwé lè tẹ̀. Avidemux náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ìṣẹ́jú kan fídíò tí ó ní àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan jẹ́ àwòrán 1,500. Bí a bá tọ́jú gbogbo wọn ní odindi, àyè kò ní gbà wọ́n. Nítorí náà, ẹ̀rọ a tọ́jú odindi àwòrán kan, lẹ́yìn náà a kàn kọ ohun tí ó yí padà sílẹ̀, títí odindi mìíràn yóò fi dé. Ó dà bí olùkọ́ tí ó ya àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà sójú pátákó lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì ń tún ibi díẹ̀díẹ̀ ṣe. Ọmọ tí a bá fún ní àtúnṣe nìkan, láìfi àwòrán hàn án, kò ní lóye ohunkóhun.

Ìdí nìyí tí gígé fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi odindi àwòrán. Bí a bá gé e láàárín, ìbẹ̀rẹ̀ lè dàrú. Ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ gé e níbi odindi tí ó ṣáájú. Èrè rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kò tún àwòrán náà hun. Bí ó ti wà ni yóò wà, iṣẹ́ náà kì í sì í pẹ́. Ní ti síso pọ̀, ìlànà tí a fi ká fáìlì méjèèjì, ìwọ̀n àwòrán wọn, àti ohùn wọn gbọ́dọ̀ bára mu. Fídíò láti inú fóònù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kì í sábà bára mu. A ní láti kọ́kọ́ yí ọ̀kan padà kí ó lè bá èkejì dọ́gba.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí àgbàlagbà kan bá sọ ìtàn ìlú fún wákàtí méjì níwájú fóònù, ẹ lè yọ ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó yẹ fún kíláàsì. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tí ń gé iṣu náà lè gé ọwọ́. Bí bàbá kan bá wí pé, “Ẹ má ta ilẹ̀ náà,” tí a sì yọ “má” kúrò lẹ́nu rẹ̀, a ti sọ ọ́ di ẹni tí ó ní kí a ta ogún ìran rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ odindi ọ̀rọ̀ yóò sì gbà á gbọ́.

Nítorí náà, ẹ tọ́jú odindi fáìlì tí a kò gé sí ibi méjì. Ẹ fún èyí tí ẹ gé ní orúkọ mìíràn. Ẹ kọ ọjọ́ tí a ká a, àti ibi tí gígé ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pẹ̀lú láti máa bèèrè, nígbàkúùgbà tí wọ́n bá rí fídíò kúkúrú, pé: níbo ni ìyókù wà? Orílẹ̀-èdè tí ó bá lè dá gé àwòrán ara rẹ̀, tí kò sì gé òtítọ́ kúrò nínú rẹ̀, ni yóò lè sọ ìtàn ara rẹ̀ fún ọmọ tí ń bọ̀.