Àjọ Dídá Níbi Iṣẹ́: Bó Ṣe Ń So Òṣìṣẹ́ Pọ̀

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá iléeṣẹ́ ló máa ń sọ pé ẹbí kan náà ni gbogbo òṣìṣẹ́ àwọn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kì í so èèyàn pọ̀. Lọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, àjọ ló ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tí òṣìṣẹ́ 10 bá ń dá ₦10,000 lóṣù, ẹnì kan á máa kó ₦100,000 lóṣooṣù títí oṣù 10 á fi pé. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o, ₦10,000 péré ló tíì dá. ₦90,000 yòókù, owó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ẹni tó máa kó gbẹ̀yìn ti yá gbogbo wọn lówó láìgba èlé. Ìfọkàntán nìyẹn.

Àmọ́ o, àjọ lè dá ìjà sílẹ̀. Torí náà, ẹ má fi dandan mú ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣẹ́ gègé lórí ẹni tó máa ṣáájú, kí ẹni tí ìṣòro bá dé bá sì lè bá ẹlòmíì pààrọ̀ oṣù. Ẹ máa kọ gbogbo owó sílẹ̀. Kí ọ̀gá má sì tọ́jú owó àjọ, torí ta ló máa lè sin ọ̀gá ní gbèsè?

Ojúṣe tọ̀gá ni kó san owó oṣù lásìkò. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà pàápàá ò fẹ́ kí owó ọ̀yà kọjá oṣù kan kó tó wọlé. Tó bá pẹ́, àjọ á dúró, ẹni tó ti kó àti ẹni tí kò tíì kó á sì di ọ̀tá ara wọn.