Omi Tí Ọṣẹ Kì Í Hó Nínú Rẹ̀

Tó bá ti di oṣù Èrèlé, tí kànga ti fà wálẹ̀, tí òjò kò sì tíì bẹ̀rẹ̀, ẹjọ́ omi a máa pọ̀ ní Òkè-Ṣọpẹ́n, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọṣẹ kì í hó, aṣọ funfun ń pọ́n, ẹ̀wà ń pẹ́ lórí iná. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń dà lé omi líle lórí. Ó lè jẹ̀bi méjì nínú rẹ̀. Ti aṣọ tó ń pọ́n yẹn kì í ṣe tirẹ̀.

Omi líle ni omi tí kálísíọ́ọ̀mù àti magnésíọ́ọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀. Inú ilẹ̀ ló ti ń kó wọn, pàápàá níbi tí òkúta ẹfun bá wà. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, Ewékorò àti Ṣágámù ni ká wá òkúta yìí lọ. Òun ló jẹ́ kí wọ́n kọ́ iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì sí Ewékorò ní 1960, tí Ṣágámù sì tẹ̀ lé e ní 1978. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Akọ òkúta ló wà lábẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè. Omi inú rẹ̀ sábà máa ń rọ̀, ó sì lè kan díẹ̀, débi pé á máa jẹ páìpù onírin. Ẹni tí omi rẹ̀ bá ń pọ́n ládùúgbò wa, irin ni kó kọ́kọ́ fura sí.

Kò ṣòro láti mọ̀. Ẹ gba omi sínú báàfù funfun látẹnu ẹ̀rọ. Omi onírin lè mọ́ gaara nígbà tó ń yọ, ṣùgbọ́n bó bá ti jókòó fún bíi wákàtí mélòó kan tí atẹ́gùn ti kàn án, á pọ́n, ẹrẹ̀ pupa á sì kó sísàlẹ̀. Èyí ló ń ba aṣọ iléèwé ọmọ jẹ́. Bí ìyá ọmọ bá wá da Jik lé àbàwọ́n náà, ó parí! Ṣe ni Jik máa ń jẹ́ kí irin túbọ̀ dì mọ́ aṣọ. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni kí ẹ fún sí i, kí ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ lé e, kí ẹ sá a sóòrùn, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣan án dáadáa.

Omi líle ní tirẹ̀ kì í pọ́n. Funfun ló ń fi sílẹ̀: sí ẹnu ẹ̀rọ, sí ìdí kẹ́tù, sí ara rìǹgì tí a fi ń se omi ìwẹ̀. Bí omi bá ti gbóná, ẹfun inú rẹ̀ á yọ, á lẹ̀ mọ́ irin, á sì le. Iná á wá máa pọ̀ sí i kí omi tó hó, rìǹgì náà kì í sì í pẹ́ jóná. Àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù mọ èyí dunjú, nítorí orí òkúta ẹfun ni odò Thames àti odò Lea ń gbà kọjá. Fínígà ni wọ́n fi ń fọ kẹ́tù. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ibi tó ti ń dun àpò ni ọṣẹ. Kálísíọ́ọ̀mù á gbá ọṣẹ mú, á sọ ọ́ di èérí tó ń léfòó, tó ń lẹ̀ mọ́ ara àti irun. Bí ẹ bá fẹ́ dán omi yín wò, ẹ gé ọṣẹ dúdú bíńtín sínú ìgò omi kan, kí ẹ gé ìwọ̀n kan náà sínú ìgò omi òjò, kí ẹ mi méjèèjì. Bí tiyín kò bá hó tó ti òjò, ó le. Ẹ má lo ọṣẹ oníyẹ̀fun, nítorí ó máa ń hó nínú omi líle náà.

Ní ti ẹ̀wà, kálísíọ́ọ̀mù kì í jẹ́ kó tètè rọ̀. Káún tí àwọn ìyá wa ń jù sí i kì í ṣe àṣà lásán: ó ń yọ kálísíọ́ọ̀mù kúrò nínú omi, ó sì ń tú ara ẹ̀wà. Bíńtín ti tó, torí káún àpọ̀jù ń pa fítámínì B1. Àlọ́ọ̀mù kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹrẹ̀ nìkan ló ń kó sílẹ̀.

Bí omi bá wá le ní Òkè-Ṣọpẹ́n níbí, ẹ wo kànga fúnra rẹ̀. Rìǹgì kòǹkéré tuntun àti tánkì sìmẹ́ǹtì tuntun lè máa tú ẹfun sínú omi fún ìgbà díẹ̀. Ní apá Ogun Waterside tó kángun sí òkun, omi iyọ̀ tó bá yọ́ wọ kànga á gbé magnésíọ́ọ̀mù wá. Káún kò ràn án. Omi òjò ni kí wọ́n gbé lé.

Omi òjò rọ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Láti Ẹrẹ́nà dé Agẹmọ, àti ní Owewe àti Ọ̀wàrà, ẹ gbé agbada síta. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ eruku orí páànù lọ ná.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé omi líle ń fa òkúta inú kíndìnrín. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fi òdiwọ̀n kankan lé líle omi nítorí ìlera. Òdiwọ̀n omi mímu Nàìjíríà ti 2007 fi líle sí 150 mílígíráàmù nínú lítà kan, ó sì fi irin sí 0.3. Kí ẹ tó sanwó fún ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń rọ omi, ẹ gbé omi yín lọ síbi àyẹ̀wò, kí ẹ sì ní kí wọ́n wọn méjèèjì fún yín.