KÍ Ẹ TÓ WO PÁÀNÙ ILÉ, Ẹ BÉÈRÈ ẸNI TÓ SÙN NÍ PÁLỌ̀

Ọjọ́ tí èèyàn bá ra ilé, ijó àti ayọ̀ ni. Ẹlẹ́gbẹ́ á wá kí i, oníbàárà á máa pè é ní onílé, ẹmu á sì ṣàn. Ṣùgbọ́n ojú tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà lè máa sunkún ní kóòtù lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo tí kò béèrè kó tó sanwó.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Ká ní ìyá elépo kan wà n'Ìlá-Ọ̀ràngún tó ti fi ogún ọdún dá àjọ. Ó ń wá ilé tí yóò máa gbé, tí yóò sì fi yàrá mélòó kan háyà fún àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ tó wà nílùú náà. Wọ́n mú un dé ilé oníyàrá mẹ́fà kan. Páànù tuntun ń dán, ọ̀dà ara ògiri ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, ìlẹ̀kùn onírin wà níwájú. Ọkùnrin tó ń tà á ní, "Màmá, ẹ tètè ṣe o. Àwọn ará Èkó méjì ti wá wò ó lánàá."

Inú ìyá dùn. Ó ti ń ro ibi tí yóò to àgbá epo sí. Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ bíríkìlà, tó bá a wá, ló wo igun pálọ̀. Ó rí ibì kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe gòǹgò, tí wọ́n tẹ́ ẹní lé lórí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta ló sùn síbí?"

Ọkùnrin náà wúkọ́. "Bàbá wa ni."

Ilé ẹnì kan tàbí ilé ẹbí?

Ìdáhùn yẹn lágbára ju páànù tuntun lọ. Láyé àtijọ́ títí di òní, ọ̀pọ̀ baba tó kọ́lé ni wọ́n ń sin sínú ilé náà tàbí síwájú rẹ̀. Bí baba bá sì kú láìṣe ìwé ìpíngún, ilé rẹ̀ di ilé ẹbí lábẹ́ àṣà Yorùbá. Kì í ṣe ti àkọ́bí nìkan, kì í ṣe ti ọkùnrin nìkan. Ọmọbìnrin tó wà nílé ọkọ l'Ókè-Ìlá ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀ bí ọmọkùnrin tó wà ní Kánò ṣe ní in.

Àwọn ará Ìlá kò nílò ẹni tí yóò kọ́ wọn ní ohun tí ìjà ogún ń fà. Ìtàn wọn sọ pé nígbà tí wọ́n kúrò n'Ìlá Yàrà, ìjà lórí oyè baba ló pín àwọn ọmọ ọba méjì níyà. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀ràngún fi wà n'Ìlá, tí Ọ̀ràngún mìíràn sì wà l'Ókè-Ìlá.

Ẹjọ́ kan wà tí àwọn lọ́yà kì í gbàgbé. Súbérù Dáwódù ti Èkó kú, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án tí ìyàwó mẹ́rin bí fún un sílẹ̀. Ṣé orí-ò-jorí ni kí wọ́n fi pín ogún, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ọgbọọgba? Àbí ìdí-igi, kí ilé ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìdá kan nínú mẹ́rin? Adájọ́ àkọ́kọ́ fara mọ́ orí-ò-jorí. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó dé ilé ẹjọ́ ńlá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1962, wọ́n dá a níbẹ̀ pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, pé orí-ò-jorí jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè gbà parí ìjà bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀.

Kí ló kan ẹni tó ń ra ilé nínú èyí? Ó kàn án gan-an! Bí ìyàwó mẹ́ta bá bímọ fún baba tó sùn ní pálọ̀ yẹn, ìdí-igi mẹ́ta ló ni ilé. Ọmọ ìdí-igi kan kò lè dá a tà.

Òfin tún là á sílẹ̀. Láti inú ẹjọ́ kan tí ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ yìí dá ní 1959 ni wọ́n ti ń tẹ̀ lé e pé, bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta dúkìá ẹbí lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìfi tó àwọn àgbà ẹbí létí, àwọn yẹn lè lọ sí kóòtù kí wọ́n tú u ká. Ẹni tó sanwó fún ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn, ẹjọ́ ló rà.

Ìwé ńkọ́?

Rìsíìtì nìkan kò tó. Òfin ilẹ̀ tó jáde ní 29 oṣù kẹta, 1978 sọ pé ẹni tó bá ń ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ: lọ́wọ́ gómìnà fún ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìwé àṣẹ gómìnà, lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ fún ilẹ̀ abẹ́ àṣà ní ìgbèríko. Kí lọ́yà ẹni wo ìwé ilé náà ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ìpínlẹ̀. Ẹ rántí pé 27 oṣù kẹjọ, 1991 ni wọ́n yọ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́, nítorí náà ìwé tó ṣáájú ìgbà yẹn lè jẹ́ Ìbàdàn ni wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kí wọnlẹ̀-wọnlẹ̀ náà fi ìwọ̀n inú ìwé wé ilẹ̀ gan-an.

Ẹni tí kò mọ̀wé, kí wọ́n ka àdéhùn sí i létí ní Yorùbá kó tó tẹ̀ka. Kí owó má kọjá lọ́wọ́ láìsí ẹlẹ́rìí.

Lẹ́yìn èyí la tó ń wo ilé

Bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilé bá ti tòrò, ó ku omi. Kànga tó kún lóṣù keje lè gbẹ táútáú lóṣù kejì. Ẹ lọ wò ó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ tún padà lọ lẹ́yìn òjò ńlá, kí ẹ rí ibi tí àgbàrá ń gbà. Ẹ wo bí kànga ṣe jìnnà sí ṣáláńgá tó.

Lẹ́yìn omi, ó kan ìpìlẹ̀. Ògiri tó là láti ìsàlẹ̀ dé òkè léwu ju èyí tí rírẹ́ rẹ̀ kàn bó lọ. Kí káfíńtà gun àjà lọ wo ikán lábẹ́ páànù tuntun. Ọ̀dà ló kẹ́yìn gbogbo rẹ̀, nítorí ọ̀dà ni wọ́n fi ń bo ojú ògiri tó sán.

Ìyá elépo inú àpẹẹrẹ náà kò sanwó lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ẹ pe àwọn ìdí-igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, àti olórí ẹbí. Ọjọ́ tí gbogbo yín bá fọwọ́ sí i, màá gbé owó wá." Ọkùnrin náà bínú. Kó máa bínú! Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, yóò padà wá.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù fún ẹ̀yin ìyálọ́jà. Bó bá jẹ́ owó yín lẹ fi rà á, orúkọ yín ni kó wà lórí ìwé. Kí ẹ sì kọ ẹni tí ẹ fẹ́ kó jogún rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí wà. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀yin náà lẹ máa sùn níbẹ̀, ẹlòmíì á sì wá béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín ẹni tó ni ilé.