Oògùn Eyín Ọmọ: Orúkọ Ara Ìgò àti Ohun Inú Rẹ̀

Ẹ̀yin òbí wa, bí ọmọ bá ń hu eyín, itọ́ a máa dà lẹ́nu rẹ̀, erìgì a máa yún un, kò sì ní fẹ́ kí a gbé òun sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ni yóò yára lọ ra oògùn eyín. Kí ẹ tó rà á, ẹ rántí ọdún 2008.

Ní òpin ọdún náà, àwọn dókítà ṣàkíyèsí pé wọ́n ń gbé àwọn ọmọ ọwọ́ wá pẹ̀lú ibà àti èébì, wọn kò sì tọ̀ mọ́. Kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ìwádìí fi hàn pé wọ́n ti mu oògùn eyín kan tí ń jẹ́ My Pikin. Ní oṣù kọkànlá, ìjọba pàṣẹ pé kí a kó oògùn náà kúrò lórí àtẹ jákèjádò Nàìjíríà. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì ọdún 2009, ọmọ 84 ti kú.

Propylene glycol ni omi tí ó yẹ kí wọ́n fi po oògùn náà. Orúkọ yìí ni oníṣòwò kẹ́míkà kan ní Èkó fi ta ọjà rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n diethylene glycol ni ó wà nínú rẹ̀. Orúkọ wọn jọra, àwọn méjèèjì kò sì ní àwọ̀. Ṣùgbọ́n májèlé ni èkejì, a sì máa ń lò ó nínú omi bíréèkì ọkọ̀. Kò sí ìyá tí ó lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ wọn. Ilé iṣẹ́ ni ó yẹ kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ ní Èkó rán òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjì lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méje.

Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ yín ni ìgò náà àti páálí rẹ̀. Ẹ má ṣe sọ wọ́n nù. Nọ́ńbà NAFDAC ń sọ pé a ti forúkọ oògùn sílẹ̀, nọ́ńbà tí a kọ “Batch No.” síwájú rẹ̀ ni ó ń fi hàn inú èyí tí wọ́n pò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni tiyín ti wá. Bí a bá ní kí a dá oògùn padà, èyí ni a sábà máa ń kéde. Oògùn tí a bù sínú ìgò mìíràn kò ní in. Ẹ má ṣe gbà á.

Ẹ lè fi aṣọ mímọ́ tí a rì sínú omi tútù ra erìgì ọmọ. Ibà líle àti ìgbẹ́ gbuuru kì í ṣe iṣẹ́ eyín. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ọmọ tí ó ń lo oògùn kò bá sì tọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán, ẹ má ṣe dúró di alẹ́. Ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì mú ìgò náà dání.