Ta Ló Ni Ọjọ́ Àìkú: Pásítọ̀, Ìyá Aláta àbí Arsenal?

Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kẹsàn-án, bí a ṣe dé láti ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fún ọmọ mi ọkùnrin ní ₦3,000 kó sáré dé Lágere lọ ra ata, tòmátì àti àlùbọ́sà. Ó gba owó, ó dúró. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú o. Ẹ ní kí n má lọ wo bọ́ọ̀lù ní viewing centre lónìí torí pé ọjọ́ Olúwa ni. Ṣé ọjọ́ Olúwa ò kan ìyá aláta ni?"

Mo ní kó lọ ibi tí mo rán an. Ṣùgbọ́n ìrẹsì ọjọ́ náà ò lọ dáadáa lọ́nà ọ̀fun mi. Ọmọ ọdún 16 ni, òótọ́ ló sì sọ. Èyí tó tún burú jù ni pé èmi fúnra mi ti ń wo aago: Arsenal máa gbá ní aago mẹ́rin ààbọ̀, ìpàdé ìgbìmọ̀ ìkórè wa sì jẹ́ aago mẹ́rin, èmi sì ni akọ̀wé.

Ni mo bá wá ìdí ọ̀rọ̀ náà lọ. Báwo ni ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà àti bọ́ọ̀lù ṣe wá ń fa ọjọ́ kan ṣoṣo mọ́ra wọn lọ́wọ́?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ni àwọn baba ńlá wa ń kà: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún àti ọjọ́ Ṣàngó tí à ń pè ní Jàkúta. Ọjà náà sì tẹ̀ lé e. Torí pé a máa ń ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, a ní ọjọ́ márùn-ún ni, a sì ń pè é ní ọjà ọrọọrún. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ọjà abúlé tó yí Ifẹ̀ ká ṣì ń ná bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì gbé ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje dé, kàlẹ́ńdà méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ara wọn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọjà tó ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin máa bọ́ sí ọjọ́ Àìkú lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 28. Ọjà méje ló wà nínú ọjọ́ 28 yẹn. Ìyẹn ni pé oníṣòwò tó bá ní òun ò ní í tajà lọ́jọ́ Àìkú ti pàdánù ọjà kan nínú méje.

Mo mọ ìṣirò yìí kí n tó mọ̀ ọ́n kọ, torí Màámi. Epo pupa ni wọ́n ń rà lábúlé, wọ́n á wá tà á ní Ọdò-Ògbe. Tí ọjà abúlé bá ti bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, wọn ò ní í lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn á ra epo ní owó pọ́ọ́kú, Màámi á wà lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa kọrin. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo mọ̀ pé wọ́n lọ. Ọdún tí mo fẹ́ san owó ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ni, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n ti orúkọ sílẹ̀ tán. Wọ́n ní ara àwọn ò yá, àwọn ò lè dé ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a padà dé, kẹ̀kẹ́ epo méjì wà lẹ́yìnkùlé. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Owó yẹn ló gbé mi wọ ilé ìwé.

Ká kúrò ní Ifẹ̀ díẹ̀. Nínú Bíbélì, Nehemáyà orí 13, ẹ máa rí gómìnà kan tó ní ìṣòro ọjà gan-an. Àwọn ará Tírè ń kó ẹja wọ Jerúsálẹ́mù lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ará ìlú sì ń rà á. Nehemáyà ti ẹnu ibodè pa. Àwọn oníṣòwò sùn síta lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n rò pé á rọ̀, ó sì lé wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìyẹn, kì í ṣe ọjọ́ Àìkú. Àwọn ará Ìjọ Adventist, tí ilé ìwòsàn wọn wà níbí ní Ifẹ̀, ò kúrò lórí ọjọ́ yẹn títí dòní. Tiwọn tiẹ̀ le ju tèmi lọ, torí ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Premier League pọ̀ jù!

Ọba Róòmù tó ń jẹ́ Constantine ló sọ ìsinmi ọjọ́ Àìkú di òfin ìjọba, ní ọjọ́ keje oṣù Kẹta, ọdún 321. Ó ní kí àwọn adájọ́, ará ìlú àti oníṣẹ́ ọwọ́ sinmi. Ó yọ àgbẹ̀ sílẹ̀, torí ohun ọ̀gbìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni àyè ti wà nínú òfin yẹn fún ẹni tí ebi lè pa.

Ti bọ́ọ̀lù ńkọ́? Òyìnbó tó kọ́ wa ní ọjọ́ Ìsinmi náà ló bà á jẹ́, iná ìjọba ló sì fà á. Lóòótọ́ ni! Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1974, àwọn awakùsà ń bá ìjọba fa wàhálà, iná ò tó, ìjọba sì dín ọjọ́ iṣẹ́ kù sí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Àwọn kìlọ́ọ̀bù ò lè tan iná pápá lálẹ́ mọ́, ni wọ́n bá gbé bọ́ọ̀lù lọ sí ọjọ́ Àìkú. Millwall àti Fulham ló kọ́kọ́ gbá ìdíje líìgì lọ́jọ́ Àìkú, ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 1974. Òfin kan tó ti wà láti ọdún 1780 ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba owó ìwọlé eré lọ́jọ́ Àìkú. Ọgbọ́n wo ni wọ́n dá? Wọ́n ní ìwọlé jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ kí o tó wọlé, o gbọ́dọ̀ ra ìwé pélébé tí orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń fi ọgbọ́n yí òfin po.

Ní ọdún 1992 ni Premier League bẹ̀rẹ̀, ilé iṣẹ́ Sky sì ra ẹ̀tọ́ láti máa gbé e jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Àti ìgbà yẹn ni bọ́ọ̀lù ọjọ́ Àìkú ti di ọjà gidi. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, 1994, ni òfin Gẹ̀ẹ́sì gba ṣọ́ọ̀bù ńláńlá láyè láti tajà fún wákàtí mẹ́fà lọ́jọ́ Àìkú. Ọjà àti bọ́ọ̀lù jọ wọlé pọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí ran àwọn akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì bíi tèmi lọ́wọ́: láti ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá títí di èyí tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta, aago Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. Bọ́ọ̀lù aago mẹ́rin ààbọ̀ á di aago márùn-ún ààbọ̀ níbí. Tí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wá sí ìpàdé, ẹ mọ bí ẹ ṣe máa ṣe é.

Àwọn eléré ìdárayá fúnra wọn ò fẹnu kò. Eric Liddell, ará Scotland, kọ̀ láti sá eré 100 mítà ní Òlímpíìkì Paris ọdún 1924 torí pé ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fi ìpele àkọ́kọ́ sí. Ó sá 400 mítà dípò rẹ̀, ó gba góòlù, ó sì kú sí àgọ́ àwọn Japan ní Ṣáínà ní 1945, níbi tó ti ń ṣe míṣọ́nnárì. Jonathan Edwards náà ò lọ sí ìdíje àgbáyé ọdún 1991 torí ọjọ́ Àìkú. Ní 1993 ó yí ọkàn padà. Ní 1995 ó fò mítà 18.29, kò sì sẹ́ni tó tíì fò jù ú. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó ní òun ò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́. Àwọn kan á ní, "Ṣé ẹ ti rí i?" Èmi ò gbà pé fífò lọ́jọ́ Àìkú ló fà á. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí la fẹ́ sọ nípa ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì ọdún 2013, tí Sunday Mba gba góòlù wọlé Burkina Faso tí a fi gba ife Áfíríkà? Ọjọ́ Àìkú ni. Pásítọ̀ wa pàápàá pariwo lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi fúnra mi lọ bá ìyá aláta ní Lágere. Mo bi í bóyá kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìsìn àárọ̀ kùtù lòun máa ń lọ kí òun tó pàtẹ. Ó wá ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣebí ẹ̀yin lẹ̀ ń wá? Tí ẹ bá ti ra ata yín lánàá, èmi ì bá ti sùn sílé."

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo ra ata ₦2,000, mo sì padà sílé.

Báyìí, ọjọ́ Àbámẹ́ta la ń ra ata. Ìyàwó mi á lọ̀ ọ́, á sè é kó má baà kan, torí iná tí a ò ní. Mo ti bẹ ìgbìmọ̀ ìkórè kí wọ́n fa ìpàdé sí aago méjì, wọ́n sì gbà kíá. Mo rò pé èmi nìkan kọ́ ló ń wo aago. Ọmọ mi ti bi mí bóyá òun lè lọ wo bọ́ọ̀lù wàyí. Mo ní kó dúró, a jọ ń lọ ni.